Ọjọ́ Tí Ìgbọ̀nsẹ̀ Màmá Kó Ẹbí Jọ

Ìgbọ̀nsẹ̀ ni ó padà kó àwọn ọmọ Màmá Oníbúrẹ́dì jọ sójú kan. Kì í ṣe ọjọ́ tí màmá ṣubú ní balùwẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí ó jáde nílé láàárọ̀, tí wọ́n rí i nírọ̀lẹ́ níwájú ilé ìfowópamọ́ kan, tí ó ń bi àwọn tó ń kọjá bóyá iná ààrò ti gbóná tó. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, iṣẹ́ há wọn mọ́, ọ̀nà jìn, ìbàdí ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọsibítù ńlá ránṣẹ́ pé àwọn ń fẹ́ ìgbọ̀nsẹ̀ màmá fún ìwádìí, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kò tíì lù tí àwọn ọmọ méjì tó dàgbà jù fi jókòó sí pálọ̀, tí wọ́n wọṣọ bí ẹni tó ń lọ gba àmì ẹ̀yẹ.

Ìyàwó ni ó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ṣe ń pè é, àfi bí ẹni pé ẹnu géètì ni ó fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ sí lọ́jọ́ tí ó wọlé ọkọ. Aṣọ lílọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, ní ilé ìfọṣọ tó wà ní ìkóríta, ṣùgbọ́n ó ti gba àyè ní òwúrọ̀ yìí. Ọkọ rẹ̀, ọmọ tí màmá bí kẹ́yìn, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ojú ọ̀nà ni ó sì wà lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń wà nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ nílé. Láti aago méje òwúrọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, aládùúgbò kan ni ó ń jókòó ti màmá. Ìyá Iwájú ni wọ́n ń pè é, nítorí pé iwájú ilé ẹlòmíràn ni a ti máa ń bá a. Lẹ́yìn aago méjì, ti Ìyàwó ni gbogbo rẹ̀: ìwẹ̀, oúnjẹ, aṣọ ibùsùn, àti ìbéèrè kan náà lọ́nà ogójì.

Obìnrin ni àgbà pátápátá nínú àwọn ọmọ náà. Ilé ìtajà bàtà ni ó ní, kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sí àìsàn tí kò tíì tọ́jú lórí fóònù rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Dókítà Fóònù lẹ́yìn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni Alága. Alága ẹgbẹ́ onílé ni, alága ẹgbẹ́ àwọn òbí ní ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ni, alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí àwọn ìgbìmọ̀ yòókù sì ni. Bí ènìyàn méjì bá ń kíra wọn lójú pópó, tí òun sì dúró ṣe ẹnì kẹta, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ọsibítù ni ó dá ọ̀rọ̀ ìwádìí yìí sílẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún Ìyàwó pé àìmọye kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń gbé inú ìfun ọmọ ènìyàn, pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀tá, wọ́n ń bá wa da oúnjẹ, wọ́n sì ń pèsè àwọn nǹkan kan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé káàkiri ara. Ó ní àwọn ti ṣàkíyèsí pé kòkòrò ìfun àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà sábà máa ń yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ṣé ìfun ni ó ń da ọpọlọ láàmú, ṣé ọpọlọ ni ó ń da ìfun láàmú, àbí oúnjẹ tí arúgbó kò jẹ dáadáa mọ́ ni ó da méjèèjì rú, àwọn kò tíì mọ̀. Ìdí tí àwọn fi ń wádìí nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá gbà sínú ìwádìí náà, dókítà yóò máa rí i lóṣooṣù fún ọdún méjì, wọn yóò sì ya àwòrán orí rẹ̀.

Ìyàwó rò ó fún ọkọ rẹ̀ lórí fóònù gẹ́lẹ́ bí ó ṣe gbọ́ ọ. Ọkọ rẹ̀, tí ń wakọ̀ lọ́wọ́, gbọ́ ìdajì, ó sì rò ó fún Alága. Alága fi tirẹ̀ kún un kí ó tó rò ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé etí Dókítà Fóònù, ó ti di pé àwọn onímọ̀ ti rí ìdí rẹ̀ pátápátá: ìdọ̀tí inú ìfun ni ó ń gun orí lọ, òun ni ó ń mú àgbàlagbà ṣarán. Oúnjẹ ọ̀sán kò tíì jinná nílé rẹ̀ tí ó fi gbé e sórí fóònù fún aráyé. Àádọ́rin ènìyàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Báyìí ni a ṣe dé òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Alága ṣí ìpàdé. Ó ní ohun tó pe àwọn jọ kì í ṣe ohun kékeré, pé ìdílé tí ọsibítù bá yàn fún irú iṣẹ́ yìí, ìdílé tó lórúkọ ni. Ó gbé kúlà kan wá tó lè gba páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì, yìnyín sì kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ìyàwó wo kúlà náà, ó wo ike kékeré tí nọ́ọ̀sì fún un, tí àtẹ́lẹwọ́ bò mọ́lẹ̀. 

Ọ̀rọ̀ mọ́tò tí yóò gbé e lọ ni ó kọ́kọ́ di àríyànjiyàn. Gbogbo nǹkan náà gbọ́dọ̀ dé ọsibítù kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, nítorí pé ọjọ́ náà ni wọn yóò pa ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìwádìí dé. Alága ní mọ́tò òun wà níta, òun kò kọ̀, ṣùgbọ́n awọ ni wọ́n fi ṣe ìjókòó rẹ̀, awọ a sì máa fa òórùn mọ́ra. Dókítà Fóònù ní ọkàn òun fẹ́, inú òun ni kì í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Fún bí ogún ìṣẹ́jú ni àwọn méjèèjì fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lórí ohun tí Ìyàwó ń fi ọwọ́ rẹ̀ kó láràárọ̀.

Ó wá kan fọ́ọ̀mù. Ojú ìwé mẹ́rin ni. Alága gba bírò, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ó sì bọ́ sí ibi oúnjẹ tí aláìsàn jẹ láàárín ọjọ́ méje. Ó kọ "oúnjẹ aṣaralóore", ó fa ìlà sí i nídìí. Ìyàwó rọra sọ pé wọ́n ní kí àwọn dárúkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Alága wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo àjà, ó ní màmá fẹ́ràn ẹja púpọ̀. Ìyàwó ní ó ti lé lọ́dún kan tí màmá ti ń tu ẹja dànù, egungun rẹ̀ ń bà á lẹ́rù. Alága ní ohun kan tí òun mọ̀ dájú ni pé màmá kì í mu wàrà. Ìyàwó ní tíì oníwàrà ni màmá fi ń ṣínu láràárọ̀. 

Nígbẹ̀yìn, Ìyàwó ni ó ń pè é, Alága ń kọ ọ́: ìrẹsì síbí mẹ́fà, omi ẹ̀wà, ẹyin kan tí kò jẹ tán, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ààbọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ àná ni oúnjẹ náà ń dín kù. Ní ọjọ́ àná gan-an, síbí ìrẹsì méjì péré. Alága dá bírò dúró, ó bèèrè ohun tí wọ́n ń fi màmá àwọn ṣe nínú ilé yìí. Ìyàwó ní ìgbẹ́ gbuuru ni ó ń ṣe màmá láti ọjọ́ mọ́kànlá, pé òun sọ fún ọkọ òun, ọkọ òun sì ní òun ti sọ fún wọn. Alága ní òótọ́ ni, òun àti ẹ̀gbọ́n òun ti jíròrò lé e lórí. Ó ṣí ojú ìwé kejì.

Ìbéèrè kẹsàn-án ní: ǹjẹ́ aláìsàn ti lo òògùn apakòkòrò kankan láàárín oṣù mẹ́ta? Ìyàwó ní rárá. Alága ti gbé bírò lé ìwé nígbà tí Dókítà Fóònù na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé tó mọ ìdáhùn.

"Kọ bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. "Òní ló pé ọjọ́ méjìlá."

Alága àti Ìyàwó wò ó.

Ó wá là á yé wọn, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní ṣebí inú ìfun màmá ni ọsibítù fẹ́ yẹ̀ wò, òun kò sì lè jẹ́ kí wọ́n bá ibẹ̀ ní rúdurùdu. Òun ti ra tíì kan tó ń fọ ìfun, ife kan láàárọ̀, ife kan lọ́sàn-án. Òun tún fi kápúsù aláwọ̀ méjì tì í lẹ́yìn, méjì méjì, kí kòkòrò tí tíì bá jí lójú oorun má rí ibi sá sí. Ìyá Iwájú ni òun fi ránṣẹ́ sí. Òun sì kìlọ̀ fún un kí Ìyàwó má gbọ́, nítorí àwọn ìyàwó ilé kì í fẹ́ kí ọmọ obìnrin tọ́jú ìyá rẹ̀.

"Ṣé ẹ máa gba àlejò sílé láì gbálẹ̀ ni?" ó bi wọ́n.

Láti ìta ni Ìyá Iwájú ti dá sí i. Ó ti ń nu fèrèsé pálọ̀ látìgbà tí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀, fèrèsé náà kò sì dọ̀tí. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun ni òun jẹ́, òun kò mọ nǹkan kan mọ́ ọn. Ó ní màmá kì í tilẹ̀ fẹ́ mu tíì náà, àfi kí òun di imú rẹ̀.

 Ìyàwó ń ka aṣọ ibùsùn lọ́kàn. Mẹ́rin lójúmọ́, nígbà mìíràn márùn-ún, tí ó ń fọ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti lọ aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Ó rò pé àìsàn màmá ni ó yí padà bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ ti bínú sí màmá. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Màmá dùbúlẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ lánàá. Ní irú àsìkò yẹn, ó yẹ kí ó ti bèèrè ìyẹ̀fun, kí ó bèèrè àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí ó bèèrè ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé búrẹ́dì. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà kò bèèrè nǹkan kan. Ìyàwó, ní tirẹ̀, ti dúpẹ́ nínú ara rẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ náà. Ó wá tẹjú mọ́ ọn. Ètè rẹ̀ ti sán. Ojú rẹ̀ ti jìn wọ inú. Ìyàwó fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, awọ náà sì dúró bí ó ṣe fà á, kò padà. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi síbí bu omi sí i lẹ́nu, omi náà gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde.

Ó jáde sí pálọ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa gbé màmá lọ sí ọsibítù. Dókítà Fóònù ní kí ó fọkàn balẹ̀, ìdọ̀tí ló ń jáde lọ, ara ń sinmi ni. Alága wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò sọ pé kí wọ́n má lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé màmá dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Kí wọ́n fún un ní wákàtí kan, bóyá yóò rí nǹkan díẹ̀ ṣe sínú ike.

"Bọ̀ọ̀dá," Ìyàwó wí, "ẹ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín wá."

Kò kúnlẹ̀, kò fi ẹ jọ̀ọ́ sí i. Alága wo ilẹ̀ níbi tí ó yẹ kí orúnkún rẹ̀ wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan nípa ìjókòó aláwọ, pé bóyá kí wọ́n kọ́kọ́ wá rọ́bà tẹ́ sí i. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀ náà, Ìyàwó ti padà wọ yàrá, ó ti pọn màmá sẹ́yìn, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ kúlà kọjá. Màmá tó ń gbé àpò ìyẹ̀fun lórí nígbà kan kò wúwo ju ẹrù aṣọ tí a ti lọ̀ lọ.

Lójú pópó, kí takisí tó dúró, àwọn aládùúgbò ti parí ìdájọ́. Ọ̀kan ní òun mọ̀ pé ìyàwó yẹn yóò pa á bó pẹ́ bó yá. Òmíràn ní ebi ni, ẹ wo ọrùn ìyá yẹn. Ẹlòmíràn fẹ́ mọ̀ bóyá wọn yóò fi yàrá náà háyà. Ìyá Iwájú wà láàárín wọn, ó mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ náà ju ẹnu òun lọ. Takisí gbéra. Mọ́tò Alága tẹ̀lé e lẹ́yìn, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú, kúlà nìkan lórí ìjókòó aláwọ lẹ́yìn, wọ́n ti fi bẹ́líìtì dè é.

Ní ọsibítù, wọn kò jẹ́ kí Ìyàwó parí àlàyé kí wọ́n tó gba màmá lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá iṣan apá rẹ̀ tì, kí wọ́n tó rí ọ̀kan tó gba abẹ́rẹ́, wọ́n sì fa omi sí i lára. Dókítà àwọn arúgbó sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ Alága, ó kà á dé ìbéèrè kẹsàn-án, ó tún un kà. Ó ní kí wọ́n fi tíì náà han òun. Dókítà Fóònù ṣí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, ó sì fi kún un pé bí dókítà bá fẹ́, òun lè bá a gba páálí kan ní iye tí àwọn olùtajà ń gbà á.

 Dókítà bèèrè iye omi tí màmá ń mu lóòjọ́. Alága ní ó ń mu tó. Dókítà ní tó mélòó. Alága ní ó tó bí ó ṣe yẹ.

Ìyàwó ni ó sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò sókè.

"Kò tó, mà. Èmi ni mò ń dín in kù. Láti ìgbà tí ìgbẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, mi ò kì í fún un lómi mọ́ tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí ibùsùn má baà tutù."

Inú Alága àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dùn débi pé wọn kò lè fi pamọ́. Alága ní àwọn ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Dókítà Fóònù ní òun ti mọ̀, òun kàn ń dákẹ́ ni. Àwọn méjèèjì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyàwó díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá sún fún ẹni tí aṣọ rẹ̀ tutù.

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́," dókítà wí fún Ìyàwó. "Ẹ má ṣe é mọ́." Ó wá yíjú sí Dókítà Fóònù. "Ẹ̀yin ti fọ ìfun náà mọ́ tónítóní. Ẹ fọ èyí tó dára, ẹ fọ èyí tí kò dára, ẹ sì fọ omi ara rẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí ohun tí àwa fẹ́ wò níbẹ̀ mọ́."

Ó ní orúkọ màmá ti jáde kúrò nínú ìwádìí. Àwọn yóò kọ́kọ́ yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò, àwọn yóò sì wò bóyá kòkòrò burúkú ti gba ibi tí kápúsù lé àwọn yòókù kúrò. Ìgbàgbé rẹ̀ kò ní lọ, kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n oorun àsùnwọra yìí, omi tó gbẹ lára rẹ̀ ni ó fà á, omi sì lè mú un padà bí kò bá tíì pẹ́ jù. Alága bèèrè bóyá ìdílé lè kọ̀wé láti fi ẹ̀dùn ọkàn hàn lórí yíyọ tí wọ́n yọ orúkọ náà. Dókítà lọ rí aláìsàn mìíràn.

Gbogbo ọ̀sán ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Dókítà Fóònù ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sáwọn ènìyàn rẹ̀ pé ìwẹ̀nùmọ́ ìfun ìyá òun ti parí, ó ku kí omi tuntun wọlé. Ọkọ Ìyàwó pè láti ojú ọ̀nà. Ó bèèrè bóyá ẹ̀gbọ́n òun obìnrin kò bínú. Ìyàwó sọ fún un pé ìyá rẹ̀ wà láàyè, ó sì pa fóònù.

Nígbà tí ó yá, ó bi àwọn àgbà méjèèjì léèrè ẹni tí yóò máa jókòó ti màmá láti aago méje sí aago méjì bí wọ́n bá dá a sílẹ̀, nítorí pé Ìyá Iwájú kò tún ní fẹsẹ̀ kan yàrá yẹn mọ́. Alága ní ìbéèrè tó dára ni, àwọn yóò gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Dókítà Fóònù rántí pé àwọn tó ń kó bàtà wá fún òun ń dúró. Wọ́n dìde. Wọ́n gbàdúrà fún màmá ní ẹnu ọ̀nà. Alága gbé kúlà rẹ̀. Ó ní kò yẹ kí yìnyín tó kù ṣòfò, ìpàdé ẹgbẹ́ onílé wà nírọ̀lẹ́ yẹn, ọtí yóò nílò rẹ̀.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ku díẹ̀ kó lù, àpò omi kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nígbà tí màmá lajú. Nọ́ọ̀sì ti gbé àwo ìrẹsì rírọ̀ kan sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Màmá wo àjà, ó wo okùn omi tó wọ apá rẹ̀, ó wo Ìyàwó. Ojú rẹ̀ mọ́ gaara, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò ti rí bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ ta ni?"

"Ìyàwó ni, mà."

"Ìyàwó ta?"

"Ìyàwó ọmọ yín tó kéré jù."

Màmá ronú sí i. Ó ní ó máa jẹ́ ilé ibòmíràn, àwọn ọmọ tòun ṣì kéré, kò sí èyí tó tó fẹ́yàwó nínú wọn. Ìyàwó ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó tún aṣọ ìbora náà ṣe, kò rí ohun mìíràn tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Màmá kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Látìgbà tí o ti jókòó síbẹ̀ yìí," ó wí, "ta ló fún ọ lóúnjẹ?"

Ìyàwó fẹ́ sọ pé òun ti jẹun. Ó la ẹnu, irọ́ náà kò jáde.

"Kò sẹ́ni kankan, mà."

Màmá pòṣé, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé kan ti sú. Ó na ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ kò sí, ó sì ń ti àwo ìrẹsì náà díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì títí tí ó fi kan Ìyàwó láyà.

"Yára jẹ ẹ́," ó wí, "kí àwọn tó ni ilé yìí tó dé."